Bí oyin bá tán, ṣé kọfí náà máa tán ni? Àlàyé lórí oyin inú igbó àti òdòdó kọfí

Láti ìgbà tí owó kọfí ti ń fò sókè lọ́jà àgbáyé, 2024 wọ 2025, títí tí Arábíkà, ọ̀kan nínú irú kọfí méjì tó wọ́pọ̀ jù (ìkejì ni Róbústà), fi kọjá dọ́là 4 fún pọ́ùn kan ní oṣù Kejì ọdún 2025, iye tí wọn ò tà á rí, ni ọ̀rọ̀ kòkòrò oyin ti wọ àárín ẹ̀. Ẹnì kan á gbé fọ́tò òdòdó kọfí sórí Facebook, á kọ ọ́ sí i pé oyin ń kú tán, kọfí náà máa tó dàwátì. Ẹlòmíì á já lù ú pé irọ́ funfun báláú ni, kọfí ò nílò oyin kankan kó tó so èso. Àwọn tó kù á wá pín sí méjì, wọ́n á máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn.

Ohun tó jẹ́ kó le ni pé àwọn méjèèjì mú òótọ́ díẹ̀ dání. Ó kù sọ́wọ́ irú kọfí tá à ń sọ, irú oyin tá à ń sọ, àti bí oko yẹn ṣe jìnnà sígbó tó. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Ṣé torí oyin ni kọfí fi wọ́n?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni. Brazil ló ń pèsè kọfí jù láyé, Vietnam ló tẹ̀ lé e, ọ̀dá sì mú àwọn méjèèjì láàárín àkókò kan náà. Kí tọ̀dá tó dé, òtútù tó ń di yìnyín sórí ewé ti ba oko jẹ́ ní Brazil lọ́dún 2021, bẹ́ẹ̀ igi kọfí kì í ṣe àgbàdo tí wọ́n lè gbìn lónìí kí wọ́n kórè ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tó bá ti bà jẹ́ ó máa gba ọdún mélòó kan kó tó padà bọ̀ sípò. Ọjà dín kù, àwọn tó ń rà á ò dín, owó lọ sókè. Kò sí oyin nínú ìyẹn.

Ibi tí oyin ti wọlé ni ìbéèrè tó tẹ̀ lé e: tí ojú ọjọ́ bá ń le báyìí, tí ilẹ̀ tó dáa fún kọfí ń dín kù, kí ló tún wà tó ń mú kí igi kọ̀ọ̀kan so dáadáa, tá a lè pàdánù láìfura? Ohun táwọn onímọ̀ ti ń kà lákàtúnkà láti bí ogún ọdún lé nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ gidi wà.

Kí ni oyin ń ṣe lára kọfí gan-an?

Igi kọfí á ti rudi sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ ìrudi yẹn ò ní là. Òjò ló ń dúró dè. Tí òjò gidi kan bá ti rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá, láàárín ọjọ́ mélòó kan gbogbo oko á funfun lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn ẹ̀ á gbalẹ̀ kan. Òdòdó yẹn kéré, ó funfun, ó jọ ìràwọ̀, wọ́n sì máa ń ṣù jọ sí oríkèé ẹ̀ka níbi tí ewé ti yọ. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré ló ní kó tó rọ. Gbogbo ohun tí àgbẹ̀ máa kórè lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ mẹ́sàn-án, inú ọjọ́ méjì mẹ́ta yẹn ló wà, tàbí tí òjò bá ń wá tó ń lọ, inú ìgbà bíi mélòó kan bẹ́ẹ̀ lọ́dún.

Nínú òdòdó kọ̀ọ̀kan, àwọn òpó tín-ínrín wà tó gbé àtíkè òdòdó dání, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ tó bá fọwọ́ kàn án. Tí àtíkè yẹn bá bọ́ sórí ẹnu abo òdòdó, á wọlé lọ bá ẹyin méjì tó wà nísàlẹ̀. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ló máa di kóró kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá la èso kọfí tó pọ́n, kóró méjì lẹ máa bá, tí wọ́n fi ẹ̀yìn pẹlẹbẹ kọjú síra wọn. Tó bá jẹ́ ẹyin kan ṣoṣo ni àtíkè dé, ìkejì á rọ, èyí tó kù á wá yí róbótó bí ẹ̀wà kékeré torí kò sẹ́ni tó ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọjà kan fẹ́ràn kóró róbótó yẹn, wọ́n tiẹ̀ máa ń ṣà á sọ́tọ̀ tà, àmọ́ lójú àgbẹ̀ tó ń wọn kọfí ẹ̀ sórí ìwọ̀n, kóró kan níbi tó yẹ kí méjì wà, àdánù ni.

Oyin ò mọ gbogbo èyí o, oúnjẹ tiẹ̀ ló ń wá kiri. Á bà lé òdòdó, á ki ẹnu bọ ìsàlẹ̀ níbi tí omi dídùn wà, bó ṣe ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún ni àyà àti ẹsẹ̀ ẹ̀ onírun á máa ra mọ́ òpó àtíkè. Á fò lọ sórí òdòdó mìíì pẹ̀lú àtíkè yẹn lára, ibẹ̀ ló máa já a sí. Òun náà ṣì ń gbé díẹ̀ lọ sílé fún àwọn ọmọ ẹ̀, torí oúnjẹ ni àtíkè jẹ́ fún wọn.

Arábíkà tàbí Róbústà, èwo ló nílò oyin?

Ibí lọ̀pọ̀ ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé èèyàn kan ń sọ nípa Arábíkà, ẹnì kejì ń sọ nípa Róbústà, kò sì sí ẹni tó dárúkọ èyí tó ń sọ.

Arábíkà, tó wá láti orí òkè Ethiopia àti gúúsù Sudan, lè gbọ́ bùkátà ara ẹ̀. Àtíkè òdòdó ẹ̀ lè sọ abo inú òdòdó kan náà di èso, kódà díẹ̀ ti lè ṣẹlẹ̀ kí òdòdó tó ṣí tán. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé Arábíkà á ṣì so tí oyin ò bá sí, kò parọ́. Brazil náà wà bí ẹ̀rí, oko ńláńlá tí oòrùn ń pa ṣánṣán, tí igi ìbòji ò sí níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí orílẹ̀-èdè tó ń kó kọfí jáde tó wọn.

Róbústà yàtọ̀ pátápátá. Òun kì í gba àtíkè ara ẹ̀. Kódà tó bá bọ́ sórí abo òdòdó, igi náà á kọ̀ ọ́. Ó di dandan kí àtíkè wá láti ara igi Róbústà mìíì tí kì í ṣe ẹ̀dà ẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń gbé lára ẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ oyin ló ń gbé e dé ibi tó yẹ. Àgbẹ̀ tó bá gbin Róbústà tí wọ́n gé lára igi kan ṣoṣo kún oko ẹ̀ tán, tí kò da Róbústà tó wá láti ara igi mìíì pọ̀ mọ́ ọn, oyin tó pọ̀ bí eṣú ò lè gbà á. Vietnam, tó jẹ́ Róbústà ló pọ̀ jù lóko wọn, wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju Brazil lọ nìyẹn.

Torí náà tẹ́ ẹ bá rí i tẹ́nì kan kọ ọ́ pé "kọfí ò nílò oyin", ẹ bi í léèrè pé kọfí wo.

Tí Arábíkà bá lè dá so, kí wá ni oyin ń fi kún un?

Bí wọ́n ṣe ń wádìí ẹ̀ rọrùn láti yé èèyàn. Kí òdòdó tó là, wọ́n á mú ẹ̀ka kan, wọ́n á fi àwọ̀n tó tín-ínrín wé e pinpin kí oyin má bàa ráyè wọlé. Ẹ̀ka kejì lórí igi kan náà, wọ́n á fi sílẹ̀ fún gbogbo ohun tó bá fẹ́ bà lé e. Ẹ̀ka kẹta, wọ́n á fọwọ́ ara wọn gbé àtíkè láti ara igi mìíì wá sórí òdòdó ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá yá wọ́n á ka iye òdòdó tó di èso lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn èso náà. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni.

Ní Sulawesi, Indonesia, Alexandra-Maria Klein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe irú ẹ̀ lórí Arábíkà, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2003. Níbi tí ẹ̀yà oyin mẹ́ta péré ti ń bà lé òdòdó, bíi 60 nínú òdòdó 100 ló di èso. Níbi tí ẹ̀yà oyin tó 20, ó tó 90. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe iye oyin ni wọ́n ń kà o, iye ẹ̀yà ni. Oko tí ẹ̀yà oyin kan ṣoṣo kún bámúbámú ò dọ́gba pẹ̀lú oko tí oríṣiríṣi oyin ń wọ̀, ìdí ni pé oyin yìí fẹ́ràn ìbòji, èyí fẹ́ràn oòrùn, òmíì tètè ń jí, òmíì ń pẹ́ níta, òmíì fẹ́ràn orí igi, òmíì ìsàlẹ̀ ẹ̀ka. Ohun tí ọ̀kan bá fò dá, òmíì á bá a níbẹ̀.

Ní Panama, David Roubik tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilé ìwádìí Smithsonian kọ ọ́ lọ́dún 2002 pé ẹ̀ka Arábíkà tí oyin dé so ju èyí tí wọ́n wé lọ, àfikún ẹ̀ lé ní 50 pẹ́sẹ́ǹtì. Ní Brazil pàápàá, ìwádìí kan láti 2004 rí i pé oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó tó ṣẹ́ kù ń mú èso jáde tó fi nǹkan bíi 15 pẹ́sẹ́ǹtì ju èyí tó jìnnà lọ. Àwọn iye yìí ò dọ́gba, kò sì yẹ kéèyàn mú ọ̀kan nínú wọn kó wá máa pariwo ẹ̀ kiri bíi pé ibi gbogbo ló rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn jọ ń sọ ni pé Arábíkà á so láìsí oyin, àmọ́ kò ní so tó bó ṣe yẹ kó so.

Oko Costa Rica tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ yẹn, kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti ka ọ̀rọ̀ oyin àti kọfí díẹ̀ á ti pàdé ẹ̀. Oko ńlá kan ni, Finca Santa Fe lorúkọ ẹ̀, ó lé ní hẹ́kítà 1,000, àwọn ẹ̀là igbó kan sì ṣẹ́ kù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Taylor Ricketts àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá igbó yẹn ń ṣe oko náà ní nǹkan. Wọ́n gbé èsì wọn jáde lọ́dún 2004. Kọfí tó wà láàárín bíi kìlómítà kan sígbó so ju tàwọn tó jìnnà lọ, ìyàtọ̀ ẹ̀ tó 20 pẹ́sẹ́ǹtì, kóró róbótó inú ẹ̀ sì dín kù ní 27 pẹ́sẹ́ǹtì. Wọ́n wá ṣírò owó ẹ̀: ẹ̀là igbó méjì péré, ọ̀kan hẹ́kítà 46, èkejì 111, ń fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 60 dọ́là kún owó oko yẹn lọ́dọọdún, láti 2000 sí 2003. Ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún oyin.

Ìròyìn yẹn tàn kálẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń jà fún igbó gbé e gẹ̀gẹ̀, wọ́n ní ẹ wò ó, igbó ń pa owó wọlé, ẹ má gé e mọ́. Èmi náà rò pé èèyàn lè lóye ìdí tí inú wọn fi dùn, torí ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá nọ́ńbà tí àgbẹ̀ àti báńkì máa gbọ́.

Àmọ́ ohun tó tẹ̀ lé e kì í sábà wọ inú ìtàn náà. Owó kọfí ti wó lulẹ̀ nígbà yẹn, kò sì pẹ́ sígbà ìwádìí tí wọ́n fi hú kọfí oko náà, wọ́n gbin ọ̀pẹ̀yìnbó sí i. Ọ̀pẹ̀yìnbó tí wọ́n ń tà kì í wá oyin rárá. Igbó ṣì wà níbẹ̀, oyin ṣì wà nínú ẹ̀, àmọ́ owó tí wọ́n kọ sórí wọn ti di òdo lóru ọjọ́ kan. Douglas McCauley ló fa èyí yọ nínú àròkọ kan tó gbé jáde lọ́dún 2006, ohun tó sì ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá ní torí owó nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe máa dá igbó sí, ọjọ́ tí owó ọ̀hún bá yí padà, kí lẹ máa sọ?

Àwọn tó ń ṣírò owó igbó náà ní èsì tiwọn. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé owó nìkan ni ìdí, àwọn ń sọ pé ẹni tó ń pinnu lórí ilẹ̀ yẹ kó mọ ohun tó máa pàdánù kó tó gbé àdá. Àríyànjiyàn yìí ò tíì parí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé wọn ò kúkú lè kó oyin ọ̀sìn lọ sóko ni?

Wọ́n lè ṣe é, àwọn kan sì ń ṣe é. Wọ́n á gbé àpótí oyin lọ sínú oko lásìkò tí òdòdó bá fẹ́ là, wọ́n á kó o kúrò tó bá ti rọ, oyin ọ̀sìn máa ń ṣiṣẹ́ kára, ó pọ̀ nínú àpótí kan, òdòdó tó sì ń là lẹ́ẹ̀kan náà fún ọjọ́ méjì nílò ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kíá. Àwọn tó fara mọ́ èyí ní ó yá ju kéèyàn máa dúró de igbó lọ.

Ohun táwọn tó kù fi ń ta kò wọ́n ni ìwádìí ńlá kan tí Lucas Garibaldi ṣáájú ẹ̀, tó jáde lọ́dún 2013. Wọ́n wo oríṣi ètò ọ̀gbìn 41 káàkiri ayé, kọfí wà nínú ẹ̀, wọ́n sì rí i pé níbi tí oyin ìgbẹ́ àti àwọn kòkòrò inú igbó bá ti ń wá, èso máa ń pọ̀ sí i, yálà oyin ọ̀sìn pọ̀ níbẹ̀ tàbí kò pọ̀. Oyin ọ̀sìn ń ṣe àfikún, kò rọ́pò.

Ẹ tún jẹ́ ká rántí pé oyin tó ń ṣe oyin lílá, tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yà oyin tó wà láyé tó nǹkan bí 20,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní ayaba, kò ní agbo, obìnrin kan á dá gbẹ́ ihò tiẹ̀ sínú ilẹ̀ tàbí sínú igi gbígbẹ, á kó àtíkè síbẹ̀, á yé ẹyin lé e, á dí i, ó parí. Wọn kì í sábà kó irú oyin yẹn sínú àpótí. Àwọn míì kéré, wọn ò lóró, wọ́n ń gbé lágbo nínú ihò igi ńlá, tí igi ńlá bá sì ti lọ, ilé wọn ti lọ nìyẹn. Ní Éṣíà, oyin ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Apis dorsata, ó máa ń so afárá rẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀ka gíga, òun ló wọ́pọ̀ jù lórí òdòdó Róbústà ní agbègbè Kodagu, India.

Ọ̀rọ̀ tún díjú nítorí ibi tí oyin ti wá. Ní Áfíríkà, oyin tó ń ṣe oyin lílá jẹ́ ọmọ onílé, oyin ìgbẹ́ ni, kò sẹ́ni tó mú un wá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àlejò ni. Wọ́n mú oyin Áfíríkà dé Brazil lọ́dún 1956, agbo mélòó kan sá jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tàn láti ibẹ̀ lọ dé Panama àti kọjá. Roubik tiẹ̀ sọ pé oyin yẹn wà lára ohun tó mú kí kọfí pọ̀ sí i ní Látìn Amẹ́ríkà. Àwọn míì sì ń bẹ̀rù pé tí oyin àlejò bá pọ̀ jù, á bá oyin ìbílẹ̀ du oúnjẹ, á sì kó àrùn ràn wọ́n. Ibi tí ẹ bá dúró sí láyé ló máa sọ ìtumọ̀ "oyin ìgbẹ́" fún yín.

Káfíìnì inú kọfí ńkọ́, ṣé oyin náà ń mu ún?

Ó ń mu ún. Omi dídùn inú òdòdó kọfí ní káfíìnì díẹ̀ nínú, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí kọfí máa lé oorun lọ, ó kéré débi tí kò ní korò lẹ́nu oyin. Geraldine Wright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2013 pé oyin tó mu omi ṣúgà tí káfíìnì wà nínú ẹ̀ rántí òórùn òdòdó yẹn lẹ́yìn wákàtí 24 ní ìlọ́po mẹ́ta ju èyí tó mu ṣúgà lásán lọ. Fún igi tí òdòdó ẹ̀ ò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, kí oyin rántí ọ̀nà padà wá kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ ìwádìí míì lọ́dún 2015 fi hàn pé káfíìnì lè mú kí oyin máa pe àwọn yòókù wá síbi tí oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ dáa mọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé igi lè máa jèrè ju oyin lọ nínú àjọṣe yìí.

Kí ló ń lé oyin ìgbẹ́ kúrò?

Gígé igbó ló ṣáájú. Oyin kéékèèké kì í fò jìnnà, òmíì ò lè lọ ju mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan sílé ẹ̀, nítorí náà tí igbó tó sún mọ́ oko jù bá wà ní kìlómítà mẹ́ta sí i, fún irú oyin bẹ́ẹ̀ ṣe ló dà bíi pé oko yẹn ò sí. Àti pé òdòdó kọfí ò lè bọ́ oyin lọ́dún gbáko. Ọjọ́ mélòó kan lọ́dún ni, ọjọ́ tó kù ńkọ́? Àwọn igi ìbòji tó ń tanná nígbà mìíì, koríko etí oko tó ń so òdòdó kéékèèké, àwọn ló ń mú oyin dúró títí ìgbà kọfí máa fi dé. Àgbẹ̀ tó bá fi oògùn apakoríko fọ gbogbo ilẹ̀ oko ẹ̀ mọ́ tónítóní ti gba oúnjẹ lẹ́nu oyin, ó ṣeé ṣe kó má mọ̀.

Oògùn apakòkòrò ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan nínú ẹ̀ kì í dúró sórí ewé, wọ́n máa ń wọ inú igi lọ títí dé inú omi òdòdó, oyin ò sì ní rí i. Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de mẹ́ta nínú wọn ní ìta gbangba lọ́dún 2018: imidacloprid, clothianidin àti thiamethoxam. Lọ́pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbin kọfí, wọ́n ṣì ń lò wọ́n, àwọn àgbẹ̀ sì ní ìdí tiwọn, torí kòkòrò kan wà tó máa ń lu ihò sínú èso kọfí tó máa ń yé ẹyin sínú kóró, tó bá wọ oko, ìpalára ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀kẹta ni ojú ọjọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017, tí Pablo Imbach ṣáájú ẹ̀, gbìyànjú láti da ọ̀rọ̀ kọfí àti oyin pọ̀ sójú kan ṣoṣo. Wọ́n ní ilẹ̀ tó dáa fún kọfí ní Látìn Amẹ́ríkà lè dín kù ní 73 sí 88 pẹ́sẹ́ǹtì tó bá fi máa di 2050, ó kù sọ́wọ́ bí ayé bá ṣe gbóná tó. Níbi tí kọfí bá ṣì lè hù, wọ́n ní iye ẹ̀yà oyin á dín kù ní 8 sí 18 pẹ́sẹ́ǹtì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn làwọn èèyàn máa ń ya fọ́tò ẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri, wọ́n á wá kọ ọ́ pé oyin ló fà á. Kì í ṣe oyin ló fà á, ooru àti òjò ni. Ohun tí ìwádìí yẹn sọ nípa oyin ni pé níbi tí wọ́n bá ti ṣẹ́ kù, wọ́n lè bá àgbẹ̀ dín ìpalára kù díẹ̀, níbi tí oyin àti ilẹ̀ bá jọ lọ, ìyà á di méjì.

Ẹyẹ ti ṣe wá dé inú ọ̀rọ̀ oyin?

Torí kòkòrò tó ń lu ihò yẹn ni. Ẹyẹ ń jẹ ẹ́. Lọ́dún 2022, Alejandra Martínez-Salinas àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní oko 30 ní Costa Rica. Wọ́n fi àwọ̀n ńlá bo àwọn igi kan kí ẹyẹ má bàa débẹ̀, wọ́n wé ẹ̀ka kan kí oyin má bàa débẹ̀, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí ẹyẹ àti oyin jọ wà, èso pọ̀ sí i, ó wúwo sí i, ó sì dọ́gba sí i, ju ohun tí wọ́n máa rí tí wọ́n bá kàn ro tẹyẹ pọ̀ mọ́ toyin lọ. Tí àwọn méjèèjì ò bá sí, ìkórè á dín ní nǹkan bíi 25 pẹ́sẹ́ǹtì, owó tí àgbẹ̀ máa pàdánù á sì tó nǹkan bíi dọ́là 1,066 lórí hẹ́kítà kan.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ohun tí ẹyẹ fẹ́ àti ohun tí oyin fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà: igi lóko, igbó nítòsí, oògùn tó dín kù.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n tún ń jà lé lórí?

Lórí ẹni tó máa gbé ẹrù ẹ̀. Àwọn kan ní kí àgbẹ̀ gbin igi ìbòji padà sóko, kó má fín oògùn lásìkò òdòdó, kó dá igbó etí odò sí. Àwọn kan ní ó rọrùn lẹ́nu ni, torí pé tí ìbòji bá pọ̀ jù, kọfí fúnra ẹ̀ kì í tanná dáadáa, ohun tí oyin sì fi kún un lè má tó ohun tí òjìji bù kúrò. Ibi tí ìwọ̀n yẹn wà yàtọ̀ láti oko sí oko, láti òkè sí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ní ìwọ̀n kan ṣoṣo tó bá ibi gbogbo mu, ẹ bi í dáadáa.

Ẹgbẹ́ kẹta ní kí wọ́n gbin kọfí sójú kan tagbára tagbára, kí wọ́n sì fi igbó tó kù sílẹ̀ pátápátá. Ìṣòro wọn ni oyin tí kì í fò jìnnà yẹn: tí igbó bá wà lọ́tọ̀ gedegbe, tí oko wà lọ́tọ̀, oyin inú igbó ò ní dé oko.

Ọjà náà ti wọ̀ ọ́. Smithsonian ní àmì Bird Friendly tí wọ́n ń fún kọfí tó hù lábẹ́ igi ìbòji, àgbẹ̀ tó gbà á lè rí owó díẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Yúróòpù náà ṣòfin kan lọ́dún 2023 pé kọfí tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó ẹ̀ lẹ́yìn 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn, wọ́n sì ti sún ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lábẹ́ òfin yẹn, ẹni tí oko ẹ̀ bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ ya ààlà ẹ̀ sórí máàpù. Ó lè gba igbó ńlá là. Àmọ́ pápá kékeré, igi mẹ́ta mẹ́rin tó wà láàárín oko, ilẹ̀ gbígbẹ etí ọ̀nà tí oyin anìkàngbé gbẹ́ ihò sí, òfin yẹn ò kà wọ́n sí igbó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn oyin tá à ń sọ yìí ń gbé, lórí ilẹ̀ àgbẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pinnu lọ́dọọdún bóyá kí wọ́n gé e tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀.